Okun, agbára, àti àárẹ̀ ara nínú ìsoríkọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Àbá tó wà nílẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìlera lédè Yorùbá ni pé kí a máa pe maitokọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tíntìntín tí a fi kọ́ ara) tó ń sọ oúnjẹ di okun, ní "ilé agbára", kí a sì máa pe àárẹ̀ tó ń dá ẹni tó ní ìsoríkọ́ (depression) dùbúlẹ̀ ní "àìlera ọkàn". N kò fara mọ́ méjèèjì.

"Ilé agbára" ń tọ ipasẹ̀ Philip Siekevitz, onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì tó fi ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì yìí wé ilé iṣẹ́ mànàmáná lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1957. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ létí ará Ìbàdàn, ilé àdúrà tàbí ilé ìjọba ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Agbára ti fẹ̀ jù: ọba ní in, odò tó kún ní in, oògùn náà ní in. Okun ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń pèsè, èyí tó máa ń tán lára ẹni tí kò tíì jẹun, tí àwọn àgbà sì fi sọ pé okun inú la fi ń gbé tìta. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ààrò okun". Oúnjẹ tí a jẹ ni igi ìdáná, ọ́síjìn tí a mí símú ló ń mú iná jó, ATP, èròjà tó ń gbé okun fún sẹ́ẹ̀lì, sì ni ohun tí ń ti ibẹ̀ jáde fún ara láti lò. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ààrò bẹ́ẹ̀, èyí tí "ilé" kan ṣoṣo kò lè fi hàn. Kí ẹnikẹ́ni má kà á sí okùn tí a fi ń di ẹrù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí onímọ̀ ará Jámánì, Carl Benda, fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ maitokọ́ńdíríà ní 1898.

Èyí tó ká mi lára jù ni "àìlera ọkàn". Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ro àmàlà tà kò fìgbà kan sọ pé inú òun bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé apá òun kò ká ọmọrogùn mọ́. Ojú mi ló ṣe tó fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò, tó jókòó sórí àpótí, tí àmàlà sì di kókó níwájú rẹ̀. Kí dókítà tó sọ pé ìsoríkọ́ ni, ará ilé ti pè é ní ọ̀lẹ.

Nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, àìlókun jẹ́ ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta pàtàkì ìsoríkọ́, pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti kí nǹkan má wu ènìyàn mọ́. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Sweden ṣàyẹ̀wò iṣan ara àwọn kan tí wọ́n ní ìsoríkọ́, wọ́n sì rí i pé ATP tí ààrò inú iṣan náà ń pèsè kéré sí ti àwọn tí ara wọn dá. Èyí kò fi hàn pé ààrò tó jó rẹ̀yìn ló bí ìsoríkọ́, nítorí náà kí a má fi orúkọ àrùn náà dá ẹjọ́ tí ìwádìí kò tíì dá. Ṣùgbọ́n ó tó láti máa pe àmì náà ní "àìlókun ara", kí ọ̀rọ̀ wa má baà lé ara jáde nínú àìsàn tí ara ń jẹ níyà. "Àárẹ̀" nìkan kò tó, nítorí à ń lò ó fún àìsàn gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a fi "ìsoríkọ́" sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí orí tó so kọ́ ni a fi ojú rí kí a tó mọ ohun tó wà nínú ọkàn. Mo ń bẹ àwọn tó ń sọ èdè wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin: kí ni ẹ̀ ń pe ara tó wúwo bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?