Ìjàpá mi ń sín láti ẹnu kábúrétọ̀, plọ́ọ̀gì apá kan funfun: ṣé jẹ́ẹ̀tì ni kí n pààrọ̀?

Ìjàpá_Mókọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Volkswagen Ìjàpá 1600 ni mò ń wà, twin port (hẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé), kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 ẹyọ kan ló wà lórí ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì ẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Sílò ẹ̀ (bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mi ò tẹ iná) ò dúró lójú kan, á lọ sókè á tún já wálẹ̀, tí mo bá wá tẹ iná kí n kúrò lójú kan á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ kú kó tó gbéra, nígbà míì á sín láti ẹnu kábúrétọ̀, pàù! Tí mo bá sì yọ ẹsẹ̀ níbi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, silẹ́nsà á máa yìnbọn, àwọn ọmọdé á máa hó lé mi lórí.

Mẹkáníìkì àdúgbò yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 1 àti 2 pọ́n dúdú dáadáa bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n 3 àti 4 funfun bí ẹfun. Ó ní epo ò tó, kí n lọ ra jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) tó tóbi ju 127.5 tó wà níbẹ̀ lọ. Ó ti ń yí síkúrù kábúrétọ̀ wọlé yí i jáde láti ìjẹta, ibì kan náà la ṣì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé jẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́?

Baba_Kọ́ńbì
Má ra jẹ́ẹ̀tì kankan o. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lépo, tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ló kéré, gbogbo plọ́ọ̀gì ni ì bá funfun, jẹ́ẹ̀tì ò mọ apá òsì yàtọ̀ sí apá ọ̀tún. 3 àti 4 apá òsì ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ dírẹ́bà. A jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jí wọlé wà lẹ́yìn ibi tí páìpù ti pín sí méjì.

Twin port, rọ́bà dúdú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó so páìpù àárín mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ tó wọnú hẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì kì í bìkítà fún un, wọ́n á fi èyí tó ti gan padà sí i, tàbí kí kílíìpù jókòó sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí wọ́n má pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín páìpù àti hẹ́ẹ̀dì, kí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ má sì le dáadáa. Afẹ́fẹ́ tí kò gba kábúrétọ̀ kọjá kò gbé epo dání, kò sì sí síkúrù tó lè tún ìyẹn ṣe.

Bó o ṣe máa mọ̀: jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó máa sílò. Wá ike tí àwọn barber fi ń fín omi sórí, bu omi sí i, máa fín in díẹ̀díẹ̀ yí rọ́bà apá òsì ká, lẹ́yìn náà ìdí ibi tó ti bá hẹ́ẹ̀dì pàdé, kó o sì ṣe apá ọ̀tún náà kó o lè fi wọ́n wéra. Ibi tí ìró ẹ́ńjìnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan á ní kó o fi pẹtiróòlù sí sírínjì, má dán an wò. Magnesium wà nínú ara ẹ́ńjìnì Ìjàpá, tó bá gbiná, omi ò ní pa á, ńṣe ló máa bú sí i.

Ẹ̀gbá_London
Òótọ́ ni Baba sọ. Ọ̀gá mi, ẹ tún di ìdí ọ̀pá tó ń ṣí kábúrétọ̀ mú kẹ́ ẹ mì ín, tó bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ náà wọlé, àmọ́ gbogbo sílíńdà nìyẹn máa dà láàmú.

Èmi MGB, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń wà níbí, kábúrétọ̀ SU méjì ló wà lórí ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sílíńdà méjì, torí náà tí apá kan bá funfun lára tèmi, kábúrétọ̀ apá yẹn ni mo kọ́kọ́ máa mú. SU rọrùn-ún yẹ̀ wò: píìnì kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìka tì í sókè bíi mìlímítà kan, tí ẹ́ńjìnì bá ń kú lọ, epo ò tó. Tó bá sáré tí kò sì padà, epo ti pọ̀jù. Tó bá sáré fẹ́ẹ́rẹ́ tó sì padà sípò, ẹ fi sílẹ̀.

Epo fúnra ẹ̀ náà ń dá kún un o. Láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n ti ń ta pẹtiróòlù E10 fún wa níbí, ọtí ethanol inú ẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹtiróòlù lásán ń fẹ́ nǹkan bíi 14.7 afẹ́fẹ́ sí 1, E10 ń fẹ́ nǹkan bíi 14.1. Ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà á ṣàtúnṣe fúnra ẹ̀, kábúrétọ̀ ò mọ nǹkan kan, torí náà epo á kéré díẹ̀.

Adé_504
Ẹ má bínú, mi ò tíì gbà tán. Sílíńdà 3 Ìjàpá máa ń gbóná ju àwọn tó kù lọ, kúlà oil ló dí afẹ́fẹ́ lójú ẹ̀, ó lè jẹ́ ooru ló sọ plọ́ọ̀gì di funfun. Àti epo wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kejì 2022, tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ nínú ẹ̀ wọ̀lú?

Baba_Kọ́ńbì
Adé, ti kúlà yẹn, àwọn ti àtijọ́ ni. Láti 1971 ni wọ́n ti gbé e sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Kí wá ni ti 4? Epo burúkú ńkọ́, ṣé táńkì méjì ni Ìjàpá ní ni, tó ń fún apá òsì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀?

Ìjàpá_Mókọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an! Bí mo ṣe fín omi sí rọ́bà apá òsì ni ẹ́ńjìnì yí ohùn padà. Mo tú u, ó ya lábẹ́ kílíìpù níbi tójú ò lè rí. Mo ti pààrọ̀ méjèèjì, kò sín mọ́, silẹ́nsà náà ti dákẹ́. Ó kù díẹ̀ ṣá, tí mo bá tẹ iná lójijì, ó ṣì ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Mẹkáníìkì ní dísíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) 009 ló wà lára ẹ̀.

Baba_Kọ́ńbì
Ẹjọ́ 009 nìyẹn. Kì í bá 34 PICT-3 mu dáadáa, kò ní vacuum (èyí tó ń lo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́) tó máa gbé táìmíìnì, àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná, síwájú nígbà tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná. Wá èyí tó ní vacuum. Kó tó dìgbà yẹn, tún sílò ṣe: yí síkúrù kékeré tó wà lára kábúrétọ̀ wọlé jẹ́jẹ́ títí tó fi kanlẹ̀, yí i jáde lẹ́ẹ̀mejì àbọ̀, kó o wá fi èyí tó tóbi gbé e sí 850 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Síkúrù tó wà lára apá tí wáyà ẹsẹ̀ iná (throttle) ń fà, má fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ti sílò. Kó o tún ní kí wọ́n wo àyè fáàfù (àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti ohun tó ń tì í) nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, 0.15 mìlímítà ni, pàápàá 3 àti 4. Tí àyè yẹn bá ń dín kù nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un wọ̀n, fáàfù ti ń jóná nìyẹn, má tún wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn.