Jẹjẹrẹ àti oúnjẹ: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe màmá mi, ní Iléṣà níbí. Kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn ẹbí ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn tán. Ẹnìkan ní ṣúgà ló ń bọ́ jẹjẹrẹ. Òmíràn ní kí wọ́n má fẹnu kan ẹyin àti ẹran. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní iyán pàápàá ń di ṣúgà nínú ara. Iyán, fún Ìjẹ̀ṣà paraku! Omi ewé àti ẹ̀kọ ló ṣẹ́kù. Kò pẹ́ tí ìró ò fi dúró ní ìbàdí wọn mọ́.

Ìyẹn bí dókítà nínú gan-an. Ó ní gbogbo ara ló ń lo ṣúgà, ibi tó dá àti ibi tí jẹjẹrẹ wà. Kí èèyàn febi pa ara rẹ̀ ò ní kí kókó jẹjẹrẹ náà kú. Bí aláìsàn bá rù jù, ara rẹ̀ lè má gba ìtọ́jú náà mọ́, wọ́n á wá dín in kù tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Ẹni tó ń rí sí oúnjẹ aláìsàn jókòó tì wá: ẹyin tó jinná dénú, ẹja, ẹ̀wà, wàrà, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Èso, ká fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí kẹ́mò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù. Nígbà tí ẹnu wọn bó, ata ò ṣeé tọ́ wò. Ògì tí a pò mọ́ wàrà àti mọ́ínmọ́ín aláìláta tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló gbà wá. Wọ́n ní bí irin ni ẹran ń rí lẹ́nu àwọn, a bá yáa fi ẹja rọ́pò. Iyán náà padà dé, òkèlè kéékèèké.

Ẹlẹ́pà Ifẹ̀: Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló mú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bu lè ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, òun sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè àti yíyan kì í pa á tán. Ọdún 1960 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i, nígbà tí oúnjẹ ẹ̀pà pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní Ìlú Ọba. Ewu rẹ̀ wá pọ̀ gan-an fún ẹni tó bá ní hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lára. Gbogbo ilé wa ló ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn tí kò ní in sì ti gba àjẹsára. Ẹ̀pà tó bu tàbí tó sunkì nínú àpò mi, dànù ni mò ń dà á, mi ò jẹ́ lọ̀ ọ́ ṣe kúlíkúlí.

Ará Ìlódè: Ẹ jọ̀ọ́, àgbo ńkọ́? Bàbá mi ń gba kẹ́mò lọ́wọ́, ẹnìkan sì ti gbé ìgò kan wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ara bàbá á yá o. Tiwa, wọ́n ní ká dá a dúró títí kẹ́mò á fi parí. Àwọn ewé kan ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, àwọn mìíràn ń bá oògùn náà jà. Ẹ gbé ìgò yẹn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà kí bàbá tó mu ife kan nínú rẹ̀.