Ta ni kí ọmọ mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Oṣù Ìtàn Àwọn Èèyàn Dúdú?

ÌyáMoríre (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe Oṣù Ìtàn Àwọn Èèyàn Dúdú níbí, láti ọdún 1987. Ilé-ìwé ọmọ mi ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èèyàn dúdú kan tó ṣe gudugudu méje nídìí ẹ̀kọ́ tàbí àtúnṣe ìlú, kí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Moríre. Lọ́dún tó kọjá, bí ọmọ kan bá ti sọ Mandela tán, òmíràn á dìde, á sọ Martin Luther King, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá dúdú bí. Èèyàn ńlá ni wọ́n, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ mo fẹ́ kí tèmi mú ẹni tí èmi àti bàbá rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nílé láìkọ́kọ́ wo Google. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá, ayọ̀ mi á kún.

Ibi tó le ni pé tíṣà rẹ̀ kò fẹ́ "wọ́n bí i, ó kàwé, ó kú". Ó ní kí ọmọ ṣàlàyé ohun tí ẹni náà yí padà. Ta ni kí n fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ, ẹ sọ ìdí.

Bọ̀dé_Ìbàdàn

Àǹtí, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò yín. Awólọ́wọ̀, ó parí.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju bí 457,000 lọ. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, wọ́n lé ní 811,000. Lọ́dún kan ṣoṣo! Bàbá mi wà lára àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ nínú agbo ilé wa. Bí tíṣà bá ní kí wọ́n sọ ohun tó yí padà, kí ọmọ tọ́ka sí ara rẹ̀.

ỌmọLísàbi

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé. Ìgbàkígbà tí a bá ní kí a ka aṣáájú, ọkùnrin olóṣèlú la máa ń kà. Ọmọbìnrin sì ni Moríre.

Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni tèmi. Ó máa ń bí mi nínú tí àwọn èèyàn bá ní "ìyá Fẹlá" tí wọ́n sì dákẹ́. Ọdún 1900 ni wọ́n bí wọn l'Ábẹ́òkúta, wọ́n wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School, tíṣà sì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ọ̀làjú ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àwọn tí ń ran aṣọ tí ń dáná òyìnbó. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà ni ojú wọn là sí ohun tí ń lọ: ọlọ́pàá ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, owó orí ń jẹ obìnrin mọ́lẹ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá. Wọ́n dó ti ààfin, wọ́n ń kọrin òwe, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Ọba padà wálé nígbà tó yá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá kọ́ A, B, D ló lé ọba kúrò láàfin, ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò.

Tíṣà_Modákẹ́kẹ́

Ìyá Moríre, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún lè gbà lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá. Awólọ́wọ̀ tóbi jù fún un, nọ́ńbà nìkan ni kíláàsì máa gbọ́. Ìyá Ẹ̀gbá dára gan-an, mi ò ní bá ọmọ Lísàbi jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì fò: Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù Babátúndé Fáfúnwá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá yìí. 1923 ni wọ́n bí wọn, 2010 ni wọ́n papò dà. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, New York University, 1955. Wọ́n ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Kí Moríre fo gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ládùúgbò wa níbí ni kí ó mú.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Bàbá Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀, Ford Foundation fi owó ràn án lọ́wọ́. Kíláàsì kan á fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ àti àṣà, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà o, àmọ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù ni, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Kíláàsì kejì á ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, bí wọ́n bá dé pírámárì kẹrin, ohun gbogbo á yí padà di Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àwọn méjèèjì wéra.

Èmi kò sí ní St. Stephen's. Ilé-ìwé mìíràn ni mo lọ, a sì dé pírámárì kẹrin ní 1973, ọdún tí náírà dé. Tíṣà kọ ìṣirò kan sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan ra agbọ̀n tòmátò mẹ́ta ní náírà méjì-méjì, ó ta gbogbo rẹ̀ ní náírà mẹ́jọ, ẹ wá èrè rẹ̀. Ẹ wò ó, ìyá ọmọ tó jókòó tì mí ń ta tòmátò lọ́jà! Lálaalẹ́ ni ọmọ yẹn ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, 3 àti 2 àti 8 nìkan la dá mọ̀. Àwọn kan rò wọ́n pọ̀, wọ́n kọ 13. Àwọn kan fi mẹ́fà kún mẹ́jọ, wọ́n kọ 14. Ẹgba ló tẹ̀ lé e.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ilé kejì wa tó ń lọ St. Stephen's ní kí ni wọ́n nà wá sí. A sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán. "Náírà méjì kẹ̀!" Ó ń fọ abọ́ lọ, kò wojú wa. Ẹgbẹ́ ni wá o, kò gbọ́n jù wá lọ. Àwa mọ ìṣirò náà, ohun tí wọ́n ń bi wá ni kò yé wa.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn ọmọ náà wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù nìyẹn tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọmọ á di ará oko.

Mo ní nǹkan kan síi tí yóò wu tíṣà òyìnbó yẹn. Ibo ni ẹ rò pé Bàbá Fáfúnwá ti gba oyè àkọ́kọ́? Bethune-Cookman College ni, ní Daytona Beach, Florida, 1950. Ilé-ìwé tí ìyá aláwọ̀ dúdú kan dá sílẹ̀ ni, Mary McLeod Bethune. Ẹrú ni àwọn òbí ìyá yìí tẹ́lẹ̀, ní South Carolina. Wọ́n bí wọn ní 1875, ọmọ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n kàwé tán, Áfíríkà ni wọ́n fẹ́ wá, kí wọ́n wá ṣe míṣọ́nnárì. Ìjọ Presbyterian ní kò sí àyè fún míṣọ́nnárì dúdú ní Áfíríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ìyá náà dúró sí Amẹ́ríkà. Ní 1904, pẹ̀lú dọ́là kan àtààbọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ṣí ilé-ìwé fún ọmọbìnrin márùn-ún. Àpótí ẹrù ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Omi èso igbó ni wọ́n fi ṣe tàdáwà, igi jíjó ni wọ́n fi ṣe pẹ́ńsù. Ìyá náà ń yan páì ànàmọ́ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ kí owó ilé-ìwé lè yọ. Ní 1923, ilé-ìwé ìyá dà pọ̀ mọ́ Cookman Institute, bí ó ṣe di kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Ìyá náà wá di ẹni tí ààrẹ Roosevelt ń pè fún ìmọ̀ràn. Nígbà tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó yìí ń kàwé níbẹ̀, ìyá ṣì wà láàyè, inú ọgbà ilé-ìwé náà ni ilé wọn wà. 1955 ni ìyá kú, ọdún kan náà tí Fáfúnwá gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní kí ìyá má wá Áfíríkà, Áfíríkà bá wọn délé.

Fẹ́mi_Houston

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Mi ò mọ̀ pé Florida ni Fáfúnwá ti kàwé, ó wú mi lórí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta ko yín díẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe, ìwé tuntun, yunifásítì ń wá wò wọ́n, ta ni kò ní ṣe dáadáa? Ṣé Yorùbá ló ṣe é àbí ìtọ́jú? Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní pírámárì, àwọn náà ló fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò dúró?

Tíṣà_Modákẹ́kẹ́

Fẹ́mi, ìbéèrè gidi lo bi mí. Ìtọ́jú wà níbẹ̀, mi ò lè jiyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kíláàsì méjì lábẹ́ òrùlé kan náà. Ní ti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí bàbá ń wí gan-an lo tọ́ka sí yẹn: kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwa tó kù yé fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi jẹun, mo sì ti rí ọ̀gá tó ka àlàyé láti inú ìwé bí ẹni ń ka Bíbélì nítorí òun náà kò mọ bí yóò ṣe tú u.

Ti 2022 yẹn, ní gbogbo ilé-ìwé tí mo mọ̀ láyìíká mi, kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá kan tó dé ibẹ̀. Ẹnì kan kò pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n wá ń fagi lé? Àwọn ti Modákẹ́kẹ́ kọ́kọ́ jókòó kọ ìwé fún àwọn ọmọ ni, kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣeé ṣe.

Àwọn òbí náà ní ẹ̀bi tiwọn o, jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí ó sọ Yorùbá, owó gọbọi ni wọ́n ń san níbẹ̀. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

ỌmọLísàbi

Tíṣà, mo gbà fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí. Àmọ́ ẹni tí mo rí gbá mú nínú ìtàn yín ni ìyá tó ń ta páì ànàmọ́. Ẹ ò rí i pé obìnrin náà ló wà nídìí rẹ̀?

ÌyáMoríre (Lọ́ńdọ̀nù)

Gbogbo yín ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí Moríre lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi àpótí ẹrù àti tàdáwà, ó ní kí n tún un kà. Ó ti pinnu: Bethune àti Fáfúnwá ló fẹ́ mú. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, ẹ má bínú, ti Awólọ́wọ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Tíṣà, báwo ni kí ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Kíláàsì ọmọ ọgbọ̀n ni, ariwo wọn pọ̀.

Tíṣà_Modákẹ́kẹ́

Kí ó má kí wọn, kí ó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ó dìde, kí ó ka ìṣirò tòmátò yẹn fún wọn ní Yorùbá, kedere, lẹ́ẹ̀méjì. Kí ó wá sọ pé ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ní, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kí ó dákẹ́. Bó bá rí i pé wọ́n ń wo ojú ara wọn, kí ó sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bí ó ṣe rí fún ọmọ tó wà ní Modákẹ́kẹ́ ní 1973 nìyẹn, kí ó tó wá sọ ẹni tó dá sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa kù fún ìyá Bethune.

Kí ẹ kọ́kọ́ bi tíṣà rẹ̀ o, kí wọ́n má baà ní ó ń fi kíláàsì ṣeré.

ÌyáMoríre (Lọ́ńdọ̀nù)

Tíṣà rẹ̀ ti gbà, ó ní òun náà á kọ ìdáhùn tòun. Moríre ti ń yí ìṣirò náà padà báyìí, ó ní tòmátò mẹ́ta ti rọrùn jù. Ó ti sọ ọ́ di agbọ̀n méjìdínlógún, ó sì ń bi mí bí wọ́n ṣe ń pe 144 ní Yorùbá. Ẹ gbà mí o, ta ló rántí?