Fìlà ẹtù bàbá àgbà: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ìbéèrè tí mo bi yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé báwo ni mo ṣe máa mú òórùn káńfọ̀ kúrò lára fìlà abetí ajá tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, ó ti yanjú. Mi ò fi omi kàn án rárá. Ẹtù ni, òwú tí wọ́n fi èlú pa láró, ó lè ṣá. Abẹ́ ibòji ni mo so ó rọ̀ sí fún ọjọ́ mẹ́rin, tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ sí i. Òórùn lọ pátápátá.

Télọ̀ fọwọ́ rán ihò tí kòkòrò jẹ.

Láàárọ̀ yìí, mo dé e jáde. Mo fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ bo etí mi, bí bàbá àgbà ṣe máa ń ṣe tó bá jókòó síta láàárọ̀ ọyẹ́. Níbi tó kan iwájú orí, òógùn bàbá àgbà ti mú kí aṣọ náà máa dán. Ẹ wò ó, inú mi dùn!

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹni tó kìlọ̀ pé kí n má gbé e fún alágbàfọ̀. Ó dìgbà tí ọyẹ́ bá lọ kí n tó dá a padà sínú àpótí, láìsí káńfọ̀.