Ìyá mi kò fẹ́ tẹ orúnkún tuntun tí wọ́n ṣe fún wọn: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi ni?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọjọ́ 19 rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, tí wọ́n sì pààrọ̀ orúnkún wọn ọ̀tún. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí làkúrègbé ti ń bá orúnkún náà jà, títí ẹsẹ̀ wọn fi tẹ̀ síta bí ọrun, tí ó sì wá di pé wọn kò lè rìn láti ìsọ̀ aṣọ wọn dé ojú títì láìdúró sinmi nígbà mẹ́ta. Ó pẹ́ kí àwa ọmọ tó rí owó iṣẹ́ abẹ náà tù jọ, ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ bí mo ti ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ nílé báyìí.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ní kí á máa lọ sílé. Wọ́n fún wa ní wọ́kà tí wọn yóò máa dì mú rìn, oògùn ìrora, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán eré ìdárayá sí. Ní ọjọ́ 14 a padà lọ tú okùn tí wọ́n fi rán ọgbẹ́; ojú rẹ̀ ti gbẹ, kò sì sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí á tó tún wá. Ìṣòro wa ni títẹ orúnkún. Bí mo bá ní kí ìyá mi fa gìgísẹ̀ wọn sẹ́yìn lórí ibùsùn gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, omijé á bọ́ lójú wọn, èmi náà á sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí wọ́n ti Ìṣẹ́yìn wá bá wa ṣètọ́jú, sọ pé ẹni tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn lára kì í ṣe ẹni tí à ń yọ lẹ́nu, pé kí á jẹ́ kí ara wọn kọ́kọ́ mókun. Àwọn ni wọ́n ki ìrọ̀rí méjì bọ abẹ́ orúnkún náà, ìyá mi sì ní ìgbà tí ó bá wà bẹ́ẹ̀ nìkan ni àwọn ń rí oorun díẹ̀ sùn. Láti ìjẹta, ẹ̀gbọ́n wọn tún ti ń sọ pé kí á máa fi omi gbígbóná jó o, kí á sì máa fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó yẹ kí orúnkún ṣì máa wú, kí ó sì máa gbóná, lẹ́yìn ọjọ́ 19? Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi ni, àbí kí n máa fi dandan mú wọn? Ohun kan tún wà tí wọ́n bi mí lóru àná tí n kò rí èsì fún. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ìyá mi ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní ìdájí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ní, "Ǹjẹ́ mo tún lè kúnlẹ̀ mọ́ báyìí?"

Ìyá Àdùnní, Àkúrẹ́

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Orúnkún mi méjèèjì ni wọ́n ti pààrọ̀, ti òsì ní ọdún 2018, ti ọ̀tún ní ọdún 2021, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Nígbà àkọ́kọ́, ìrọ̀rí tí o sọ yẹn gan-an ni èmi náà gbé sábẹ́ orúnkún mi fún odindi oṣù kan. Ó tù mí lára, torí orúnkún tó bá wú kì í fẹ́ kí á na òun. Àmọ́ bí ó ti ń wà ní kíká lọ́sàn-án lóru, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ń sún kì. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹsẹ̀ mi kò nà tán mọ́, kò sì ká kò tó èyí tí mo lè fi dìde lórí àga láìfi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi. Mo wá ń tiro ju ìgbà tí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n dá mi padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún mi ní oògùn oorun, dókítà sì fi ọwọ́ tẹ orúnkún náà títí àpá tó ti dì mọ́ inú rẹ̀ fi já. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdárayá tí mo sá fún, mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrora tó ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà kejì, ọmọbìnrin mi kò gbà fún mi. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni ó ń fi táwẹ̀lì tó ká sí, tí ẹ̀yìn orúnkún yóò wà ní òfìfo, tí ẹsẹ̀ náà yóò máa fi ìwúwo ara rẹ̀ nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, nígbà mẹ́ta lóòjọ́. Ó le, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo sunkún, mo sì bínú sí i ní ọjọ́ mélòó kan débi pé n kò fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ keje mo ti ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún kejì yìí ni mo sì ń gbára lé títí di òní. Ọmọ mi, yọ ìrọ̀rí yẹn kúrò lónìí.

Má ṣe bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ jiyàn o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àbúrò wọn ló ń sunkún lójú wọn. Fún wọn ní iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn yóò fi dí nínú ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n jókòó ti ìyá rẹ, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ lè kọ̀ fún ọ, torí ọmọ ni ọ́, ṣùgbọ́n kò ní rọrùn fún wọn láti kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní ti kíkúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí èmi náà béèrè rẹ̀. Dókítà mi sọ pé kíkúnlẹ̀ kò ní ba orúnkún náà jẹ́ bí ọgbẹ́ bá ti jinná tán, tí iṣan sì ti le, àmọ́ pé kò ní rọrùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Awọ ẹ̀gbẹ́ àpá náà kú tipiri, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo tó dán an wò, lórí tìmùtìmù méjì, tí mo di etí ibùsùn mú. Títí di òní, n kò lè lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó kù, mo ń jókòó sí etí ibùsùn gbàdúrà mi. Nígbà tí mo sì lọ kí ìyá ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, àwọn ni wọ́n fa ọwọ́ mi sókè kí n tó sọ ohunkóhun.

Físíò Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, ni mo ń ṣe láti ọdún 2009, orúnkún bí èyí ni mo sì ń rí jù. Ohun tí Ìyá sọ nípa ìrọ̀rí tọ̀nà pátápátá. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, á rọrùn fún yín láti fi dá ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n wọn lójú.

Orúnkún tuntun kò dà bí eegun tó ṣẹ́, tí à ń dè mọ́lẹ̀ kí ó lè jinná. Irin ni wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ eegun itan àti orí eegun ojúgun, wọ́n sì fi ike líle sáàárín wọn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, irú símẹ́ńtì kan ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́ eegun, kí aláìsàn tó kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ló sì ti gan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn dìde dúró lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ohun tí kò tíì jinná ni awọ, ẹran àti iṣan tó yí i ká, àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń so pọ̀ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ láìlò. Rírìn lásán ń fẹ́ kí orúnkún tẹ̀ tó bíi dígíríì 65, gígun àtẹ̀gùn ń fẹ́ bíi 85, dídìde lórí àga sì ń fẹ́ bíi 95. Kí ẹsẹ̀ nà gbọọrọ ṣe pàtàkì bákan náà, torí orúnkún tí kò bá nà tán yóò máa mú itan ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá dúró, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yín ti ẹsẹ̀ wọn o. Ẹ fi etí ìró kan kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, kí àwọn fúnra wọn di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí wọ́n máa rọra fa gìgísẹ̀ bọ̀ títí yóò fi dé ibi tó le, kí wọ́n dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí wọ́n sì dá a padà. Ìgbà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, nígbà mẹ́ta lóòjọ́, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n mú iṣan itan le bí ẹni fẹ́ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ ibùsùn mọ́lẹ̀. Ẹ fún wọn ní oògùn ìrora ní bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró kí ìrora kọ́kọ́ dé, nígbà náà ó ti pẹ́ jù. Bí orúnkún bá wú sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má dá a dúró.

Wíwú àti gbígbóná lẹ́yìn ọjọ́ 19 kò ṣàjèjì. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó lọ tán. Omi tútù ló yẹ ẹ, kì í ṣe omi gbígbóná, torí ooru yóò tún mú un wú sí i. Ẹ fọ́ píọ́ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé orúnkún fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹsẹ̀ náà sì ga ju àyà lọ, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ gìgísẹ̀. Ní ti òrí, ẹ jẹ́ kí ojú abẹ jinná tán kí ohunkóhun tó kàn án. Wíwọ́ ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ẹsẹ̀, bí ó bá sì já kúrò níbẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ń dùn wọ́n tàbí tó le gan-an, bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí èémí wọn kò bá délẹ̀, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibà bá mú wọn, tí pípọ́n ojú abẹ bá ń tàn ká, tàbí tí omi tàbí ọyún bá ń jáde.

Ẹ má sì dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ wá físíò kan tí yóò máa wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ọmọ Adó, Manchester

Bàbá mi ṣe tiwọn níhìn-ín ní ọdún tó kọjá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò pọ̀, ti inú ilé ni. Ẹ ká gbogbo ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké nílẹ̀, ẹ sì gbé wáyà jẹnẹrétọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kí tọ́ọ̀ṣì wà létí ibùsùn wọn, torí òru ni bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, nígbà tí wọ́n ń sáré lọ tọ̀. Ilé ìgbẹ́ tí ó bá rẹlẹ̀ le fún wọn gan-an. Káfíńtà lè lu ihò sí àárín àga onígi kan tó ní apá, kí ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ni kí ó kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ abẹ ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi wọ́kà sílẹ̀, ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi mú ọ̀pá, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe.

Oògùn ìrora tó lágbára a máa mú kí ìgbẹ́ le. Ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá mi lò láìyàgbẹ́, ó sì ni wọ́n lára ju orúnkún lọ. Ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti omi púpọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má fi àgbo kankan lé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì láìbi dókítà. Orí àga ni bàbá mi ti ń kírun báyìí, ìmáàmù wa sì ti ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí kò bá lè foríkanlẹ̀ lè jókòó kírun.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka èsì Ìyá Àkúrẹ́ sí etí àwọn méjèèjì lálẹ́ àná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fa ìrọ̀rí náà yọ. A ti rí físíò kan tí yóò wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá mi ní bí àwọn bá ti rí etí ibùsùn jókòó sí, àwọn yóò máa gbàdúrà níbẹ̀ títí di oṣù karùn-ún. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n wà nínú yàrá, ìró àǹkárá ni a fi kọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn láti ibí: "Ó di mẹ́fà. Rọra. Ó di méje."