Ọjọ́ wo ni bakitéríà dójú tì yín nínú láàbù?

Ọmọ Láàbù
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà tí mò ń ṣe máàsítà, ọ̀gá mi ní kí n kán díẹ̀ nínú Cipro, oògùn tó ń pa bakitéríà, sínú E. coli, bakitéríà inú ìfun, ìwọ̀n tí kò ní pa á, kí n wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Mo dojú bo maikirosíkóòpù: àwọn tó máa ń rí kúkurú bí hóró ìrẹsì ti gùn bíi sùpàgẹ́tì! Mo ní olú ló hù sí i, irú èyí tó ń hù lórí búrẹ́dì tó bu. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fi bílíìṣì fọ ìgò. Ọ̀gá gbọ́, ó dijú. "Ohun tí mo ní kó o wá wò gan-an lo dà nù yẹn."

Alágbàdo
😂😂 Ó tún fi bílíìṣì kún un.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má bínú o, kí ló mú wọn gùn?

Ọmọ Láàbù
Cipro ló dí gyrase lọ́wọ́ mà, pùrótéènì tó ń tú DNA tó lọ́, ni DNA bá ń já. RecA, pùrótéènì míì, lẹ̀ mọ́ ibi tó já. Ìyẹn ló mú kí LexA tó ti jókòó lé àwọn jíìnì àtúnṣe lórí gé sí méjì, jíìnì ṣí. Pùrótéènì SulA wà lára ohun tó jáde, òun ló gbá FtsZ mú. FtsZ yìí ló ń ṣe òrùka tó ń fún bakitéríà ní ìbàdí títí á fi di méjì. Òrùka ò sí, ara ń gùn ṣáá. Tí àtúnṣe bá parí, pùrótéènì Lon á jẹ SulA run.

Mi Ò Gbà
Ẹni tó ń ra Cipro ẹyọ méjì ní kẹ́míìsì, sùpàgẹ́tì ló ń sè síkùn.

Alágbàdo
Èmi lò ń bá wí? Ẹyọ mẹ́ta ni mo rà.

Tíṣà Àgbà
Ìdánwò ló dójú tì mí ní tèmi. Wọ́n ní E. coli ń pín ní ìṣẹ́jú 20, àmọ́ DNA rẹ̀ ń gba nǹkan bí 40 kó tó ṣe ẹ̀dà tán. Báwo? Mo kọ ọ́ pé ìbéèrè ní àṣìṣe. Òdo.

Ọmọ Láàbù
Ẹ̀gbọ́n! Kì í dúró de èyí tó wà nílẹ̀. Pùrótéènì DnaA á tún ṣí oriC, ibi tí ẹ̀dà DNA ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Cooper àti Helmstetter ti to ìṣirò rẹ̀ ní 1968. Ọmọ tí wọn ò tíì bí ti lóyún.

Ìyá Ìbejì
Èmi tí mo gbé méjì lóṣù mẹ́sàn-án ń yangàn!

Mi Ò Gbà
Ìṣẹ́jú 20 yẹn, inú ọbẹ̀ aládùn láàbù ni. Nínú ìfun èèyàn, wọn ò yára tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Àgbà
Ìwọ lo máakì ìwé mi, àbí?

Ẹlẹ́dọ̀
Caulobacter, bakitéríà inú omi, ni tèmi. Ọmọ méjì tí ò jọra ló ń bí: ọ̀kan lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ DNA tuntun lójú ẹsẹ̀, èkejì ń lúwẹ̀ẹ́, pùrótéènì CtrA sì ti ilẹ̀kùn oriC mọ́ ọn títí á fi jókòó. Àwọn olúwẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́. Mo fi ẹ̀rọ yí wọn nínú Percoll, omi tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe ki tó, ìlà méjì yọ. Mo fa ti òkè, mo da ti ìsàlẹ̀ nù. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà.

Alágbàdo
Kí lẹ ò dà nù rí níbí?

Ìyá Ìbejì
Táíwò ló ń lúwẹ̀ẹ́ lọ tọ́ ayé wò yẹn. Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n ló jókòó, ló sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́dọ̀
A jẹ́ pé Táíwò ni mo dà sínú síńkì. Ṣé kí n lọ se ẹ̀wà ni?