Wáìnì àjàrà gbígbẹ mi kò hó mọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Limassol ní Kíprù ni mo ń gbé, mo sì ń pọn wáìnì bíi Commandaria, wáìnì dídùn ilẹ̀ Kíprù, nílé. Àjàrà Xynisteri àti Mavro ni mo sá sóòrùn títí ara wọn fi hunjọ, kí n tó fún omi inú wọn jáde. Ó kọ́kọ́ hó dáadáa. Ní báyìí ìfófòó ti lọ, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí bí oyin, kò sì ta lẹ́nu rárá. Mo gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo rò ó, mo fi yíìsì tuntun sí i. Pàbó ló já sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi omi díẹ̀ là á ni, àbí kí n máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sí yíìsì tó ti ń hó lọ́tọ̀?